Ohùn Tó Pe Nọ́ọ̀sì Lẹ́yìn Ilé

Ilé wa, lọ́nà Araromi-Obu,
Odigbo.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ìyanu ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Ṣé o ti jẹun? Tí o kò bá tíì jẹun, gbé ìwé yìí sílẹ̀, kí o lọ jẹun ná. Mo mọ̀ ẹ́. Tí o bá ti ń kàwé, o lè jókòó ti oúnjẹ títí á fi tutù, kí o wá máa sọ pé inú ń run ẹ́. Ìwé yìí gùn. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo fà á ya, mo tún ń kọ ọ́. Bàbá rẹ ti wá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé ìdánwò ni èmi náà fẹ́ ṣe ni. Mo ní kó lọ wo ewúrẹ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè pé, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò kúkú pè mí?" Òótọ́ ni pé nẹ́tíwọ̀kì abúlé wa kò dáa, àmọ́ tí mo bá rìn dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, màá gbọ́ ẹ ketekete. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì ló fà á. Ọ̀rọ̀ ohùn ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, mi ò sì fẹ́ fi ohùn sọ ọ́. Jọ̀ọ́, ojú ni kí o fi kà á. Má kà á sókè.

O ní kí n bá ẹ dá sí i, pé ibo ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọsibítù tó wà létí títì márosẹ̀ ní Ore ti ní kí o máa bọ̀. Káńsù náà ti gbà pé kí o wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé wa níbí, kí o sì máa gbé inú ilé nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń retí èsì rẹ kí oṣù yìí tó parí. O ní ohun tí mo bá ti sọ ni wàá ṣe. Ìyanu, ẹrù tí o gbé lé mi lórí yìí wúwo. Inú mi dùn pé o ṣì ka ọ̀rọ̀ mi sí, àmọ́ ká ní o mọ ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí a lọ kí Màmá Nọ́ọ̀sì, bóyá ò bá má ti bi mí rárá.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Ore, torí ìyẹn ló rọrùn láti sọ.

Ní Ore, iná wà, omi ẹ̀rọ wà, dókítà wà. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà wà tí o lè bi nígbà tí nǹkan bá rú ẹ lójú. Má fojú kékeré wo ìyẹn o. Nọ́ọ̀sì tuntun tí kò ní ẹni tó lè bi, ẹ̀rù á máa bà á, á wá máa kanra mọ́ aláìsàn kí wọ́n má bàa mọ̀. Èmi náà ṣe irú rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí mi ò mọ̀, mo fi ariwo bò ó. Inú Bíbélì ni tèmi wà, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Inú abẹ́rẹ́ ni tìrẹ wà. Níbikíbi tí o bá lọ, tí nǹkan bá rú ẹ lójú, sọ pé ó rú ẹ lójú.

Tí o bá lọ sí Ore, má gba yàrá tó kọjú sí títì. Wo ẹ̀yìn ọjà, kí o wo ibi tí kànga wà, kí o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, kì í ṣe lọ́wọ́ onílé. Onílé kò ní sọ fún ẹ pé òrùlé ń jò. Má sì jẹ́ kí ọlọ́kadà kan sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń gbé ẹ lọ tó ń gbé ẹ bọ̀ lójoojúmọ́. Mo mọ bí ìyẹn ṣe máa ń parí. Bàbá rẹ ni ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ sí Odigbo nígbà náà, wo ibi tí mo wà lónìí.

Ohun kan ṣoṣo wà nípa Ore tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Dúró sí garéèjì ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí o fetí sílẹ̀. Agbèrò kan ń pe Benin, òmíràn ń pe Èkó, ẹlẹ́búrẹ́dì ń pe èrò, èrò ń pe ara wọn, hóònù ń dún. Gbogbo èèyàn ló ń pe èèyàn níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wẹ̀yìn. Nígbà kan tí mo lọ ra àpò kòkó, ẹnì kan pe orúkọ mi láàárín ariwo yẹn, orúkọ tí màmá mi fi ń pè mí, tí kò sẹ́lòmíràn tó fi ń pè mí. Màmá mi ti wà nínú sàréè tipẹ́ nígbà náà. Mo yí ojú ká títí. Ohun tí mo rí ò ju ọkọ̀ kan tó ti kún tó ń lọ sí ọ̀nà Benin, àti obìnrin àgbà kan lójú fèrèsé tó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mi ò dáhùn. Ọkọ̀ náà lọ. Mo ra àpò mi, mo sì wá sílé.

Ìwọ náà mọ ìdí tí mi ò fi dáhùn. Èmi ni mo kọ́ ẹ. Tí wọ́n bá pè ẹ́ tí o kò rí ẹni tó pè ẹ́, panu mọ́. Nínú oko, má pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Tí o bá ń wá ẹnì kejì rẹ, fi ẹ̀yìn àdá gbá ara igi, òun náà á gbá tiẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa níbí. Wọ́n ní ohun tó wà nínú igbó lè kọ́ orúkọ èèyàn lẹ́nu ẹni tó ń pè é, kó wá máa fi í pe onítọ̀hún. Nígbà tí o wà ní kékeré, o bi mí pé, "Màámi, tó bá wá jẹ́ pé ẹni tó ń pè ní ìṣòro ńkọ́?" Mo ní kí o jẹun.

Ìbéèrè yẹn ni mo ń dáhùn lónìí. Jókòó dáadáa.

O mọ̀ pé inú oko kòkó ni mo bí ẹ sí. A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nílé, Bàbá rẹ á ní ìdí nìyẹn tí o fi dúdú bí èso kòkó tó gbẹ. Àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà la máa ń sọ fún ẹ.

Àsìkò tí a ń fọ́ kòkó ni. Bàbá rẹ ti lọ sí Odigbo lọ wá àpò. Ikùn mi ti wú dé ibi tí mi ò lè rí ẹsẹ̀ mi mọ́. Nọ́ọ̀sì abúlé wa ti sọ fún mi kedere pé kí n jókòó sílé. Nígbà yẹn, ọ̀dọ́bìnrin ni, ará Èkìtì, kò tíì lọ́kọ. Sísítà ni gbogbo wa ń pè é. Sísítà ní kí n sinmi, àmọ́ ìyàwó tuntun ni mí. Mo fẹ́ kí ọkọ mi dé kó rí i pé mo ti fọ́ gbogbo òkìtì kòkó yẹn tán, kó lè lọ máa fi mí yangàn lójú àwọn ẹbí rẹ̀. Mo mú àdá, mo wọ oko lémi nìkan. Ọmọ mi, tí ara rẹ bá ní kí o jókòó, jókòó. Ẹni tí o fẹ́ kó yìn ẹ́ lè má tilẹ̀ rántí ní ọjọ́ kejì. Bàbá rẹ ò rántí òkìtì kòkó yẹn títí dòní.

Ọ̀sán gangan ni ìrọbí mú mi. Omi dà, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́, mo sùn sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fẹ́ fi bo kòkó. Mo fi ẹ̀yìn àdá gbá igi. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún gbá a, ẹnì kan sì gbá tiẹ̀ padà. Inú mi dùn, mo rò pé Bàbá rẹ ti dé. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún dáhùn, àmọ́ ọ̀nà ibòmíràn ló ti dáhùn, lápá ibi tí kò sí ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó yọ. Ó lè jẹ́ ẹyẹ ló ń sọ igi. Mo ti sọ fún ara mi láti ìgbà yẹn pé ẹyẹ ni. Mo gbé àdá sílẹ̀, mi ò gbá a mọ́.

Fetí sí èyí dáadáa, Ìyanu. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mi ò pariwo. Ẹnu mi ti gbẹ, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ mi lókè ẹnu. Ohun tí mo kàn ń ṣe ni pé mo ń wo ewé kòkó lókè orí mi, mo sì ń rò pé báyìí ni wọ́n ṣe máa bá mi.

Ìgbà tó ṣe, mo gbọ́ ìrìn lórí ewé gbígbẹ. Mo rí aṣọ funfun. Sísítà ni, ó gbé báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, bàtà ẹsẹ̀ kan ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe "pẹ̀lẹ́". Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó ní, "Ọmọbìnrin tó wá pè mí dà?"

Mo mi orí. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí o jáde, o ò ké. Ó tú ìwọ́, ó fi ìka nu ẹnu rẹ, ó fi ọwọ́ gbá ẹ ní àtẹ́lẹsẹ̀, o ṣì dákẹ́. Ojú rẹ là sílẹ̀ gbòò, ò ń wò ó. Nígbà tí o wá ké, Sísítà ò yọ̀ bí agbẹ̀bí ṣe máa ń yọ̀. Ó dá ọwọ́ dúró, ó fetí sílẹ̀, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí nǹkan.

Nígbà tí a délé ló tó ròyìn. Ó ní òun ń jẹun lọ́wọ́ nínú ilé nọ́ọ̀sì, lọ́sàn-án yẹn, ni òun gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ilé. Ohùn náà ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ yọjú sí mi o." Ó ní ẹ̀rín pa òun. Ta ló ń pe òun ní màmá? Òun tí òun ò tíì délé ọkọ! Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ohùn náà tún pè é láti ojú ọ̀nà oko. Ó rò pé ọmọ kan tí ojú ń tì ni, tó ń ṣáájú òun lọ. Ó gbé báàgì, ó tẹ̀ lé e. Ó ní bí òun bá ti fẹ́ ṣìnà, ohùn náà á tún pe òun.

Ará Èkìtì ni, Ìyanu. Kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un pé a kì í dá irú ìpè bẹ́ẹ̀ lóhùn lágbègbè wa. Tó bá jẹ́ ọmọ ibí ni, ì bá jókòó jẹ́ẹ́, ì bá jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Bàbá rẹ ì bá dé ní ìrọ̀lẹ́ bá òkú méjì lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tí Sísítà ò mọ̀ ló gba èmi àti ìwọ là. Mo mọ èyí, síbẹ̀ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo tún kọ́ ẹ pé kí o má máa dáhùn. Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn ronú.

Bàbá rẹ gbé wa lọ sí ilé àdúrà. Ìyá Àbíyè, tó ń gbẹ̀bí níbẹ̀, ní áńgẹ́lì ló pe Sísítà, a sì gbà bẹ́ẹ̀, a sọ ẹ́ ní Ìyanuolúwa. Áńgẹ́lì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo sùn dáadáa lórí ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì yẹn títí o fi dàgbà, títí o fi gba ìwé àṣẹ rẹ.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí a lọ kí Sísítà nílé rẹ̀ ní Ore, kí o lè fi aṣọ funfun rẹ hàn án? Ó ti dàgbà, irun rẹ̀ ti funfun, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Sísítà mọ́, Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ayé ń pè é. O lọ fọwọ́ lẹ́yìn ilé. Afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn onírin yẹn dé mọ́ ẹ. O wá ké láti ẹ̀yìn pé, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ yọjú sí mi o."

Ife tó mú dání já bọ́. O gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, ò ń rẹ́rìn-ín, o bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àfọ́kù, o ní kó má ṣèyọnu, pé ọwọ́ àgbà máa ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ àgbà. Ṣé o ò rí i pé ẹnu rẹ ló ń wò ní gbogbo àkókò yẹn?

Nígbà tí o jáde lọ wá ọ̀kadà, ó gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú. Ó ní, "Ohùn yẹn ni."

Mo ní, "Ohùn wo, Mà?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fetí sílẹ̀ fún un. Gbogbo ọmọbìnrin tí mo bá pàdé, màá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kí n gbọ́ ọ. Mo ti ń rò pé màá kú láìgbọ́ ọ mọ́. Ọmọ yẹn ló wá pè mí."

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, inú mi ló wà lọ́jọ́ náà."

Ó ní, "Mo mọ ibi tó wà. Èmi ni mo fà á jáde."

A gun ọ̀kadà, o jókòó níwájú mi, o ń kọrin bí o ṣe máa ń ṣe, afẹ́fẹ́ ń gbé orin náà bá mi lójú. Àforíjì, ọmọ mi, mo fẹ́ kí o dákẹ́. Mo fẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ tí mo bí. Láti ọjọ́ yẹn, tí o bá pè mí lórí fóònù, màá kọ́kọ́ gbé e jìnnà sí etí kí n tó dáhùn. O ti ṣàkíyèsí, o sì bi mí pé ṣé mò ń bínú. Mi ò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ìfẹ́ rẹ sì tún ń pa mí, mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ gbé.

Ìdí nìyẹn tí ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ẹ, èyí tí mo fà ya, fi sọ pé Ore ni kí o lọ. Mo fẹ́ kí o wà láàárín ariwo, níbi tí ohunkóhun tó mọ orúkọ rẹ kò ní lè rí ẹ. Mi ò fẹ́ kí o sùn nínú ilé yẹn.

Kí n tó sọ ìdí tí mo fi fà á ya, jẹ́ kí n sọ àwọn nǹkan díẹ̀ nípa ibí, bóyá o máa wá o, bóyá o ò ní wá. Má bá Ìyá Àbíyè ilé àdúrà jà. Mo mọ ohun tí wọ́n kọ́ yín ní ilé-ìwé nípa àwọn bíi tiwọn. Lọ kí wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kúnlẹ̀ dáadáa, kí o bẹ̀ wọ́n pé tí aboyún kan bá ju agbára wọn, kí wọ́n tètè ránṣẹ́ sí ẹ. Wọ́n á gbà, tí o kò bá kọ́kọ́ bú wọn. Máa ṣí bàtà rẹ sí ẹnu ọ̀nà, kí orí rẹ̀ kọjú síta, kí o má bàa máa wá a nígbà tí wọ́n bá ń pè ẹ́. Máa jẹun kí o tó jáde. Má fún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ torí pé ó ń pariwo pé abẹ́rẹ́ ni òun fẹ́. Tí aláìsàn bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́, á sì ṣẹlẹ̀, wá sílé wá sunkún lọ́dọ̀ mi, má sunkún níwájú àwọn olókùú. Wọ́n nílò ẹni tó máa dúró.

Ó dáa. Ọjọ́rú tó kọjá.

Wọ́n ní kí àwa obìnrin lọ tún ilé nọ́ọ̀sì ṣe, bóyá wàá gbà láti wá. Àwọn yòókù wà lóko, mo ní kí n lọ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Láti ìgbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó sùn níbẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀, Odigbo ni wọ́n ti ń wá láàárọ̀, wọ́n á sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbé ìgbálẹ̀ àti garawa, mo sì ti múra sílẹ̀ fún jàǹkárìwọ̀ àti ìgbẹ́ àdán. Mo ṣílẹ̀kùn. Ìyanu, ilé náà mọ́. Kò mọ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ó kàn mọ́ ni. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́yìn ilé tó kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí àwọn tó wá pe nọ́ọ̀sì máa ń jókòó sí. Eruku bo gbogbo nǹkan tó wà níta, eruku ò sí lórí bẹ́ǹṣì náà. Ó ń dán, bí ìjókòó tí èèyàn ń lò.

Mo bi ara mi pé kí ni mò ń wá. Mo gbá ẹ̀yìn ilé. O mọ bí yanrìn ibẹ̀ ṣe rí, gbogbo ojú ìgbálẹ̀ ló ń hàn lórí rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn rìn, mò ń gbá a bọ̀ títí mo fi wọlé, kí ẹsẹ̀ mi má bàa bà á jẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn. Oòrùn mú gan-an. Mo ń fọ aṣọ ìnulẹ̀ nínú garawa nígbà tí àwọn ẹyẹ dákẹ́.

Ohùn ọkùnrin ni. Ọkùnrin tó ti dàgbà, tó mọ̀wàá hù, tí ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ló ti sọ ọ́. Ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká lọ."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Yanrìn náà wà bí mo ṣe gbá a. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀, kò sí ti adìyẹ pàápàá. Kò sẹ́nì kankan lórí bẹ́ǹṣì.

Mo panu mọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo di ẹnu garawa mú. Mo sọ fún ara mi pé Màmá Nọ́ọ̀sì tó ń wá wà ní Ore, kó wá a lọ síbẹ̀. Ohùn náà tún pè, àmọ́ ó ti ń jìnnà, ó ti dé ojú ọ̀nà oko. Ó ti ń rọlẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti ń rò pé kò sẹ́nì kankan nílé, tó sì fẹ́ máa padà lọ bá aláìsàn rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo rántí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Mo rántí bí ahọ́n mi ṣe lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò lè fara dà á, ọmọ mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì ké tẹ̀ lé e pé, "Kò tíì dé o! Ó ń bọ̀!"

Lẹ́yìn náà ó dáhùn láti inú àwọn kòkó, jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà. A óò dúró."

A. Ó ní a.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé garawa, mo gba ọ̀nà ilé àdúrà lọ. Ìyá Àbíyè ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ọma mi, ùwẹ rèé? Ulé nọ́ọ̀sì ti mọ́?" Mo ní ó ti mọ́, Mà. Mi ò sọ nǹkan mìíràn. Bàbá rẹ náà ò mọ̀. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Láti Ọjọ́rú ni mo ti ń rò ó pé ìwọ ni ọkùnrin yẹn ń pè, pé ohùn rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ dé, bí tìrẹ náà ṣe ṣáájú ìbí rẹ. Ní abúlé yìí, kò sẹ́ni tó máa pe ọmọbìnrin ọjọ́ orí rẹ ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó máa pẹ́ kí wọ́n tó pè ẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí rẹ á ti funfun. Wàá ti gbẹ̀bí àwọn ọmọ níbí, àwọn ọmọ náà á ti dàgbà, wọ́n á ti ní aboyún tiwọn nílé.

Má rò pé mo fẹ́ fi èyí dè ẹ́. Àwọn dókítà àti iná tí mo sọ nípa Ore ò parọ́. Tí o bá yan Ore, màá bá ẹ ru ẹrù rẹ lọ síbẹ̀ fúnra mi, màá sì bá ẹ wá yàrá tí kò kọjú sí títì. Ohun kan ni mo bẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́ wá sí ẹ̀yìn ilé yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí o dúró níwájú bẹ́ǹṣì yẹn, kí o fi ohùn ara rẹ sọ fún wọn pé o ò bọ̀ mọ́, kí wọ́n má bàa máa dúró lásán. Èmi ò lè lọ sọ ọ́. Mo ti fi ẹnu mi sọ pé o ń bọ̀, mi ò sì mọ ẹni tí mo sọ ọ́ fún. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá wọ́n ti bí i.

Èmi ni,
Màámi rẹ.